Omi tó dànù ńkọ́? Ìdáhùn fún obìnrin tó ń wá tẹ́rápísìtì tó bá a mu

Obìnrin kan ló kọ lẹ́tà yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 33 ni mí, tíṣà ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, oyún mi pé oṣù mẹ́jọ, ọmọ náà sì kú sínú. Mo bí i, wọ́n gbé e lọ kí n tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà yẹn, mi ò sùn mọ́jú rí. Tó bá ti di aago méjì òru, àyà mi á máa já. Mi ò gba ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn mọ́, ì báà jẹ́ kí n fi ọ̀kadà yí gbogbo ìlú po. Ọkọ mi kì í ṣèèyàn burúkú, àmọ́ kì í dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ti lọ bá èèyàn méjì. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n júwe fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbàlagbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, kí èmi àti ọkọ mi tètè gbìyànjú òmíràn. Ẹnì kejì, orí fóònù la ti ń ríra, ọmọbìnrin bíi tèmi. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé Yorùbá ni, àmọ́ òyìnbó là ń sọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé àyà mi máa ń já, mo tú u sí òyìnbó bí mo ṣe lè tú u, ló bá ní kí n lọ yẹ ọkàn mi wò lọ́sibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo le jù, pé kò sẹ́ni tó máa bá mi mu. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà nínú àpótí mi, aláwọ̀ yẹ́lò, èmi ni mo fi òwú hun ún fún ọmọ náà. Mi ò sọ ọ́ fún ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ṣé lóòótọ́ ni mo le jù? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹni tó bá òun mu?"

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kí yín báyìí ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "ẹ kú ewu" ni gbogbo èèyàn ń kí yín lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó má sì sí ẹyọ ẹnì kan tó kí yín kú ọ̀fọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka ọmọ tí kò ké mọ́ ọmọ tó kú.

Kí n kọ́kọ́ tún orúkọ mi ṣe. N kì í ṣe dókítà olóògùn. Sàíkọ́lọ́jísìtì ni mí, ọ̀rọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Ní ti ìbéèrè yín, rárá o, ẹ ò le jù. Èèyàn méjì lẹ rí, ìpàdé márùn-ún lápapọ̀. Ẹni tó ń wá télọ̀ tó mọ ìdí òun wọ̀n gan-an máa ń dán ju méjì wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àkọ́kọ́. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ò sì fi ibi sọ ọ́. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ń bá ìrọbí lọ, bí ìyá bá ti sọ̀ láyọ̀, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí òwe náà ń ṣe. Agbè ló ń wò, kò wo omi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ fún yín, ìyá ọkọ ti sọ ọ́, pásítọ̀ ti sọ ọ́, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ kánsẹ́lọ̀. Ẹ wá wọ mọ́tò, ẹ jókòó síwájú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ò ráyè gbọ́, òun náà tún fi òwe yẹn dá yín lóhùn. Ẹni tó mọṣẹ́ lè mọ òwe náà ju bàbá yẹn lọ, ṣùgbọ́n omi ló máa bi yín léèrè. Omi tó dànù ńkọ́? Ṣé ẹ ti ní orúkọ kan lọ́kàn fún un? Ta ló gbé e lọ? Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?

Ní ọdún 1979, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Bordin kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ó ní ohun mẹ́ta ló so oníṣẹ́, ìyẹn tẹ́rápísìtì tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, àti ẹni tó wá bá a pọ̀: kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa ṣe láti débẹ̀, kí ọkàn wọn sì fà mọ́ra. Ìwádìí tó ti tẹ̀ lé e pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń rí i léraléra pé bí àjọṣe yìí bá dán mọ́rán, ara sábà máa ń yá ju ibi tí kò ti dán mọ́rán lọ, irú ọ̀nà ìwòsàn yòówù kí oníṣẹ́ náà máa lò. Mo fi èyí díwọ̀n ọ̀rọ̀ yín. Bàbá yẹn láàánú, n kò jiyàn. Ibi tó ń lọ ló yàtọ̀. Oyún mìíràn lòun ń lé, ibi tí ẹ ti máa sọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ lẹ̀yin ń wá. Ìjẹ̀bú lẹ ń lọ, ẹ bá ara yín nínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́, kò sì sẹ́ni tó bi yín léèrè ní garáàjì.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tuntun, ẹ máa retí ìbéèrè kan tó jọ "Kí lẹ fẹ́ kó yàtọ̀ láyé yín bí iṣẹ́ wa bá parí?" Bí ìpàdé kejì bá fẹ́ parí tí onítọ̀hún ò tíì bi yín ní ohun tó jọ ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Bó bá gbọ́ tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ló gba ìrònú. "Àyà mi ń já." Bí ẹ bá tú u sí òyìnbó ní ẹyọ-ẹyọ, bí ẹni tí nǹkan ń já nínú àyà rẹ̀ ló máa dún, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ máa ní kí ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. N kò bá ọmọbìnrin náà wí fún àyẹ̀wò náà, ó dáa kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá gbọ́ "àyà mi ń já" láago méjì òru mọ̀ pé ẹ̀rù là ń sọ. Ara la fi ń sọ ọkàn lọ́dọ̀ wa: orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi, inú mi ń ru, ara mi ò lélẹ̀. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná fún, tí nǹkan ń rìn lórí wọn, tí ìwé ò sì wọlé mọ́. Brain fag ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni àbí orúkọ mìíràn fún ìdààmú ọkàn, n kò sì fẹ́ dá sí i. Ohun tó kàn mí ni pé ẹni tó bá máa tọ́jú yín gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara yìí láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ tú u fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lọ́fíìsì mi. Obìnrin kan fi òyìnbó ròyìn ikú ìyá rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ọjọ́, ó sọ wọ́ọ̀dù, ó sọ orúkọ oògùn, ojú rẹ̀ gbẹ, bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo ní kó bá mi sọ gbólóhùn kan péré ní Yorùbá. Ó ní "Màámi…" Kò lè kọjá ibẹ̀. Fáànù ń yí lókè, a jókòó, a ò sọ nǹkan kan títí àsìkò fi tó. Ọjọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sọ ìyẹn dòfin o. Mo ti rí òdìkejì rẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ sọ ohun tí mọ̀lẹ́bí kan ṣe sí i nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì lè fi Yorùbá sọ ọ́ láyéláyé, torí èébú ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ fún un ní Yorùbá. Òyìnbó ló fi bo ara rẹ̀ kó tó lè sọ ọ́ jáde. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ní fún yín ni pé èdè wo lẹ fi ń sunkún? Òun ni kí ẹ wá oníṣẹ́ tó gbọ́, kódà bí ẹ bá máa fi èkejì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́ kì í sọ, torí èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n ò ní in. "Ẹ" àti "o" ni. Nígbà tí ẹ wọlé sọ́dọ̀ bàbá yẹn, mo mọ̀ pé ẹ kúnlẹ̀. Ó pè yín ní ọmọ mi. "Ẹ" lẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀, "o" lòun fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, bí a ṣe kọ́ yín nílé nìyẹn. Àmọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn, ta ló máa wo ojú bàbá tó máa sọ pé "Òwe tẹ́ ẹ pa yẹn dùn mí"? Kí lẹ ṣe? Ẹ ní "Ẹ ṣé sà", ẹ gba àdúrà, ẹ sì délé ẹ ò padà mọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń parí ìtọ́jú nìyẹn. Oníṣẹ́ náà á sì máa rò pé ara ti yá.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, láti apá kejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, bàbá kan tó dàgbà ju bàbá mi lọ wá bá mi, ó ní òun ò rí oorun sùn látìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì. "Sà" ni mo ń wí, mo ń tẹrí ba. Òórùn ògógóró ń ti ẹnu wọn jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Báwo ni ọmọdé ṣe ń bi àgbà pé ṣé ẹ máa ń mutí? Oṣù mẹ́ta là ń sọ̀rọ̀ oorun. Ọ̀gá tí mo máa ń gbé iṣẹ́ mi lọ bá ló wo ìwé tí mo kọ, ó ní, "Ọtí ńkọ́, o ti bi wọ́n?" Ojú tì mí. Nígbà tí mo bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo ti ń retí ìgbà tó o máa béèrè."

N kò ní kí ẹ wá ẹgbẹ́ yín o. Ọ̀dọ̀ àgbà ni ara ti ń tu àwọn kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyè àtisọ òótọ́ wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá tiẹ̀ ń kúnlẹ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo fọkàn tán fún èyí. Ní ìpàdé kejì tàbí ìkẹta, ẹ sọ ohun kékeré kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ sọ pé, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà, ẹ wo aago." Kí ẹ wá dákẹ́.

Ẹnì kan á ní, "Èmi kẹ̀? N ò wo aago. Ẹ máa ń ro nǹkan jù, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń ṣe yín." Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, títí ẹ̀yin náà á fi máa tù ú nínú pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà ò dáa, bó tilẹ̀ dà bí ìwà pẹ̀lẹ́, torí ẹrù rẹ̀ lẹ wá ń gbé. Ẹni tí ẹ ń wá á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Òótọ́ ni, mo wò ó. Báwo ló ṣe rí lára yín nígbà tí mo wò ó?" Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ pé ẹ̀sìn yín ò dọ́gba, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un, kí ẹ má baà rò pé ọkàn tó fà mọ́ra nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àyà tó ń já lóru àti ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ẹ ò lè gbà lè ju ọ̀fọ̀ lásán lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ojú yín rí ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà ni ara yín ò tíì gbà pé ó ti parí. Oríṣi ìtọ́jú wà fún ìyẹn, tí ìwádìí ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, bíi CBT tó dojú kọ ìpayà, ìyẹn ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti ìṣe èèyàn ṣe, àti EMDR tí Francine Shapiro dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1980, níbi tí èèyàn ti ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ti ń rántí ohun tó dẹ́rù bà á. Nínú CBT, ẹ lè jọ fẹnu kò pé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa dé ìkóríta tó ṣáájú ilé ìwòsàn náà, kí ẹ dúró níbẹ̀ títí àyà yín á fi rọlẹ̀, kí ẹ padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó sún mọ́ ọn sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn mọ bí a ti ń mi orí. Nítorí náà, ẹ bi í tààrà: "Ṣé ẹ ti tọ́jú obìnrin tó pàdánù ọmọ báyìí rí? Kí lẹ máa ń ṣe fún àyà tó ń já lóru?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ṣàlàyé fún yín ní èdè tó yé yín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Èyí tún kan ohun kan tí ẹ̀gbọ́n yín lè máà mọ̀. Ìtọ́jú tó dáa máa ń ni èèyàn lára. Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí ẹ ò ní fẹ́ lọ rárá, tí ẹ máa wá àwáwí. Bí ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ lọ bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débi tó ń dùn, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ máa ń kéré lójú ara yín nígbàkígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ má lọ mọ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í hàn lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí èèyàn fún ẹni tuntun ní ìpàdé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àfi bó bá ṣe ohun tí kò láforíjì: kó fọwọ́ kàn yín níbi tí kò yẹ, kó máa fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣàpèjúwe fún yín débi tí ẹ fi dá onítọ̀hún mọ̀, kó yá owó lọ́wọ́ yín, kó ta ọjà fún yín. Ẹni tó ń sọ àṣírí ẹlòmíràn fún yín ń bọ̀ wá sọ tiyín. Ìbàdàn tóbi lóòótọ́, àmọ́ ó yà yín lẹ́nu bí gbogbo wa ṣe mọra wa tó. Bí oníṣẹ́ náà bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú ìyá ọkọ yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní ti orúkọ oyè, díẹ̀ ni mo máa sọ. Dókítà ọpọlọ kọ́ ìṣègùn kó tó yà sí ti ọpọlọ. Òun ló lè kọ oògùn fún yín, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn dókítà ní Nàìjíríà. Sàíkọ́lọ́jísìtì bíi tèmi kì í kọ oògùn. Kánsẹ́lọ̀ ni kí ẹ la ojú sí. Àwọn tó kọ́ ọ yanjú wà, mo sì ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ẹni tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì náà lè kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá. Bó bá ní kò sẹ́nì kankan, ẹ rántí ògógóró tí èmi ò lè béèrè fún oṣù mẹ́ta. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú, kí ẹ sì béèrè bóyá ó lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dín in kù, a kàn kì í kọ ọ́ síta ni.

Ìbàdàn lẹ wà, UCH, ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, ò jìnnà sí yín. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà níbẹ̀, ẹ sì lè bá dókítà àti sàíkọ́lọ́jísìtì pàdé níbì kan náà. Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn: wọ́n á ní mo ti lọ Àrò. A ti sọ Àrò dèébú, ó sì ń bí mi nínú. Nígbà tí ọsibítù Àrò ṣílẹ̀kùn l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1954, Adéoyè Lámbọ̀, dókítà ọpọlọ, ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó wà láyìíká, kí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó ń ti ìlú òkèèrè wá wò ó. Ohun tó yẹ ká máa fi yangàn la fi ń bú ọmọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ Lámbọ̀ yẹn ni mo sì máa fi dá yín lóhùn bí ọkàn yín bá ń ṣe méjì lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò ní láti yan ọ̀kan. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, ní Nàìjíríà àti Gánà. Àìsàn ọpọlọ tó le gan-an ni wọ́n wò, kì í ṣe ọ̀fọ̀ bíi tiyín. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá àwọn wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ara àwọn aláìsàn yá ju ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Kí pásítọ̀ yín máa gbàdúrà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnì kan gba owó tẹ́rápì kó fi wákàtí náà gbàdúrà láìbi yín bóyá ẹ fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí láti London, tẹ́ ẹ ti ń bi mí léèrè tipẹ́: òfin ibẹ̀ ò dáàbò bo orúkọ "counsellor" àti "psychotherapist", ẹnikẹ́ni lè fi pe ara rẹ̀. Ẹ wo ìwé orúkọ BACP, ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ àti tẹ́rápísìtì ibẹ̀, tàbí ti HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan, bó bá jẹ́ "clinical psychologist" ló pe ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá ọkọ lẹ ń wá, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ BAATN, àwọn tẹ́rápísìtì aláwọ̀ dúdú, ti Áfíríkà àti ti Éṣíà ló wà níbẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ béèrè: ní aago méjì òru yẹn, ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé kí ẹ tẹ̀ lé ọmọ náà lọ? Bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ẹni tó bá yín mu lónìí. Ẹ jí ọkọ yín, kó gbé yín lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ jù tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ì báà jẹ́ òru. Wíwá ẹni tó bá yín mu lè dúró dọjọ́ mìíràn.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi lè yà yín lẹ́nu. Bàbá àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan ju "Ẹ ṣé sà, mo fẹ́ gbìyànjú ibòmíràn" lọ. Àmọ́ kí ẹ tó wá ẹnì kẹta, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹnì kejì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ Yorùbá méjì jókòó síwájú fóònù, wọ́n ń fi òyìnbó wá ara wọn kiri, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ pé ẹ jẹ́ ká sọ Yorùbá. Ó lè jẹ́ pé ó ń rò pé tíṣà ni yín, ẹ máa fojú kéré òun bí òun bá sọ Yorùbá. Ẹ ò tíì dán an wò. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàsán o. Èmi ni mo wá bá yín lẹ́ẹ̀mejì tí n ò padà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí lóru. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò, ó ṣe mí bíi pé ẹ ò gbọ́ mi. Mo fẹ́ ká gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ká máa sọ Yorùbá. Ṣé ẹ máa lè ṣe é?"

Ẹ máa wo bó ṣe máa dá yín lóhùn. Bó bá ní òun ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, á júwe ẹlòmíràn fún yín, kò sí ìjà. Bó bá bínú, ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè mọ̀. Bó bá sì fi Yorùbá dá yín lóhùn, kódà kó máa ṣi í sọ, ẹ dá ọjọ́.

Lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó tan fóònù, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú àpótí, kí ẹ gbé e sórí itan yín.